Ǹjẹ́ ẹgbẹ́ olólùfẹ́ orin lè jẹ́ ibi ààbò fún àwọn èèyàn LGBTQ ní Abẹ́òkúta?

Ìbéèrè òǹkàwé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo wà nínú ẹgbẹ́ olólùfẹ́ orin kan ní Abẹ́òkúta níbí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé a máa ń pàdé nítòsí Kútọ̀, a ó gbọ́ orin tuntun, a ó jó, a ó sì dáwó fún ẹni tí ó bá ń ṣe ọjọ́ ìbí. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wa dá a lábàá pé kí a fi àsíá aláwọ̀ òṣùmàrè sí ojú gúrúùpù WhatsApp wa, kí àwọn tí wọ́n jẹ́ LGBTQ láàrin wa (ọkùnrin tí ó ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin tí ó ń fẹ́ obìnrin, àti irú wọn) lè mọ̀ pé a kò kórìíra wọn. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn ńlá. Àwọn kan ní ọlọ́pàá yóò kó gbogbo wa. Àwọn kan ní nǹkan òyìnbó ni, kí a gbájú mọ́ orin. Ẹnìkan tilẹ̀ ní kí a lé irú wọn jáde kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀. Mo mọ àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n, wọn kò sì tíì sọ ohunkóhun láti ìgbà náà. Kí ni kí a ṣe? Ṣé ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí àwa olólùfẹ́ orin dá ibi ààbò sílẹ̀ fún wọn ní ìlú yìí?

* * *

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má fi àsíá sí i.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Káírò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017. Ẹgbẹ́ olórin kan láti Lẹ́bánọ́nì, Mashrou' Leila, ṣe eré níbẹ̀; akọrin wọn, Hamed Sinno, ti jẹ́wọ́ ní gbangba pé òun wà lára àwọn èèyàn LGBTQ. Láàrin èrò, díẹ̀ nínú àwọn olólùfẹ́ wọn gbé àsíá òṣùmàrè sókè. Eré náà parí, kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Nígbà tí àwòrán àsíá náà tàn ká orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wàhálà tó dé, tí ìjọba Íjíbítì bẹ̀rẹ̀ sí mú èèyàn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀, tí wọ́n sì mú àwọn mìíràn tí kò tilẹ̀ dé ibi eré náà rárá. Sarah Hegazi wà lára àwọn tí wọ́n mú. Ó lo oṣù mẹ́ta ní àtìmọ́lé, ó ní wọ́n dá òun lóró níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sá lọ sí Kánádà, ibẹ̀ ni ó sì ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2020.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ọdún 2014, àwọn olólùfẹ́ One Direction, ẹgbẹ́ olórin kan láti Bìrìtìkó, dá ohun kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Rainbow Direction: wọn a fi ohun aláwọ̀ òṣùmàrè sára wá sí eré, kí ẹni tí ó bá rò pé òun nìkan ni irú òun nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lè rí i pé òun kò dá wà. Iṣẹ́ rere ni, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bù ú kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi aṣọ bẹ́ẹ̀ sára ní Lọ́ńdọ́nù yóò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilé láìsí ẹni tí yóò dá a dúró ní kí ó kó fóònù rẹ̀ wá. Ẹni tí ó bá fi í sára ní Kútọ̀ kò ní irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má sá di ìdákẹ́jẹ́. Àwọn méjì tí o sọ yẹn ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, wọ́n ti ka ibi tí ẹnìkan ti ní kí ẹ lé irú wọn jáde, wọ́n sì ń wò ó bóyá ẹnikẹ́ni yóò dá a lóhùn. Bí ẹ bá dákẹ́ títí ọ̀rọ̀ náà fi lọ sókè tí ẹnìkan kò sì rí i mọ́, ìdáhùn yín ni wọ́n ti gbà yẹn.

* * *

Lẹ́yìn ìdáhùn mi yìí, àwọn òǹkàwé mìíràn ti ń kọ̀wé wá, n ó sì dá wọn lóhùn níbí. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ "nǹkan òyìnbó" ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbé dìde jù, nítorí náà n ó dúró lórí rẹ̀ díẹ̀.

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi orin ṣe ilé ààbò ní Amẹ́ríkà kì í ṣe àwọn tí wọ́n rọ́wọ́ mú. Ní New York, títí di ìparí àwọn ọdún 1960, ọlọ́pàá a máa ya wọ ilé ọtí tí àwọn LGBTQ ń lọ, a máa kó wọn, a sì máa dójú tì wọ́n. Irú ìyawọlé bẹ́ẹ̀ ni ó dá rúkèrúdò Stonewall sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1969, nígbà tí àwọn tí wọ́n wà ní ilé ọtí náà kọjú ìjà sí ọlọ́pàá. Ní oṣù kejì ọdún tí ó tẹ̀ lé e, David Mancuso bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn ọ̀rẹ́ wá jó nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé ní òpópónà Broadway, ibi tí àwọn èèyàn wá ń pè ní The Loft. Ẹni tí a bá pè ni ó ń wọlé, wọn kì í sì í ta ọtí níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Paradise Garage dé, láti ọdún 1977 sí 1987, níbi tí DJ kan, Larry Levan, ti ń lu orin fún àwọn tí wọ́n ní káàdì ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò tí wọ́n bá mú wá. Kò sí ọtí níbẹ̀ náà. Ní Chicago, ọdún 1977 kan náà ni Frankie Knuckles bẹ̀rẹ̀ sí lu orin ní The Warehouse, orúkọ ilé náà sì ni irú orin ijó tí wọ́n ń pè ní house ti mú orúkọ tirẹ̀. Aláwọ̀ dúdú àti ọmọ Látìn Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n ń jó ní àwọn ibi wọ̀nyí. Amapiano tí ẹ ń béèrè fún ní gbogbo òde àríyá láti Pánṣẹ́kẹ́ títí dé Adátán, inú house ti Gúúsù Áfíríkà ni ó ti jáde. Ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ orin náà ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ irú àwọn tí wọ́n dá a sílẹ̀ nítòsí òun, kí ó tún un rò.

Nílé wa níbí pẹ̀lú, ní àwọn ọdún 1970, olórin kan wà ní ilẹ̀ Ìgbò tí wọ́n ń pè ní Area Scatter, tí ó ń múra bí obìnrin, tí ó sì ń ta ohun èlò kékeré kan tí ó jọ agídìgbo. Ó ta á níwájú ọba, èrò sì pé lé e lórí. N kò ní fi orúkọ kankan tí a ń lò lónìí pè é. Ohun tí mo ń fi yé yín ni pé èèyàn bẹ́ẹ̀ wà, ó ní olólùfẹ́, orílẹ̀-èdè kò sì tú. Ní àkókò tiwa, olórin kan, Temmie Ovwasa, tí ó ti wà lábẹ́ YBNL, ilé-iṣẹ́ orin Olamide, rí, sọ fún gbogbo ayé pé obìnrin ni òun ń fẹ́, ó sì gbé àwo orin jáde lórí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 2020. Ta ni ó ń gbọ́ ọ? Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ni, tí púpọ̀ nínú wọn ń fi gbohùngbohùn etí gbọ́ ọ kí ará ilé má baà mọ̀.

Bí a bá sì ń wá ohun tí òyìnbó mú wọ̀lú, ìwé òfin tí ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí di ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ní gúúsù orílẹ̀-èdè yìí, àwọn amúnisìn ni wọ́n kọ ọ́.

* * *

Òfin wá ńkọ́? Ìbẹ̀rù yìí ní ìdí, n kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ọkùnrin tí ó bá gbé ọkùnrin níyàwó tàbí obìnrin tí ó bá fẹ́ obìnrin. Ó tún fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá forúkọ ẹgbẹ́ irú wọn sílẹ̀, tí ó ń darí rẹ̀, tí ó ń kópa nínú rẹ̀ tàbí tí ó ń tì í lẹ́yìn, àti fún ẹni tí ó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ẹ̀yin tí ẹ ní "àwa kì í kúkú ṣe irú ẹ̀, kí ló kàn wá" gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹni tí ó ń ṣe àtìlẹ́yìn náà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka òfin náà dáadáa. Kò sí ibi tí ó ti ní kí ẹgbẹ́ olólùfẹ́ orin máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wá jó pé ta ni ó ń fẹ́. Kò sì sí ibi tí ó ti ní kí a lu ẹnikẹ́ni, kí a bọ́ ọ sí ìhòòhò, tàbí kí a gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyẹn ni àwọn èèyàn ń ṣe lórúkọ òfin náà, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni wọ́n lábẹ́ òfin mìíràn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ọlọ́pàá ya wọ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ní ìlú Èkó, wọ́n kó ọkùnrin 57. Àwọn tí wọ́n kó ní àríyá ọjọ́ ìbí ni àwọn wá ṣe. Wọ́n gbé 47 nínú wọn lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀, ẹjọ́ náà fà títí di oṣù kẹwàá ọdún 2020, kí adájọ́ tó fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn nítorí pé àwọn agbẹjọ́rò ìjọba kò rí ẹ̀rí mú wá bó ti yẹ. Ẹjọ́ parí, ṣùgbọ́n ojú wọn ti hàn lórí tẹlifíṣọ̀n láti ọjọ́ kìíní, àwọn kan sì ti pàdánù iṣẹ́ àti ẹbí. Ìdí nìyí tí mo fi ní ojú èèyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ dáàbò bò. Bí ẹ bá sì mọ agbẹjọ́rò kan tí ó ṣeé finú hàn, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù ẹni tí ó ń darí ẹgbẹ́ kí ọjọ́ tí ẹ óò lò ó tó dé.

* * *

Ọ̀pọ̀ nínú yín ní kí n sọ ohun tí a ń ṣe gan-an nínú ẹgbẹ́ tí èmi náà wà lára àwọn tí ń bójú tó. Ọ̀dọ̀ àwọn olólùfẹ́ orin afrobeat ní Ìbarà ni a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n bí Fela sí ní ọdún 1938, a sì máa ń fi ìyẹn yangàn.

Òfin àkọ́kọ́ ni ti àwòrán. Ilé ijó Berghain ní Berlin, tí àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń fẹ́ ọkùnrin wà lára àwọn tí wọ́n gbé e ró láti ìbẹ̀rẹ̀, a máa lẹ nǹkan bo ojú kámẹ́rà fóònù gbogbo ẹni tí ó bá wọlé. Àwa náà ń ṣe é: sẹ́lótéèpù dúdú kan wà lórí tábìlì ní ẹnu ọ̀nà, ẹni tí ó bá wọlé yóò já díẹ̀, yóò fi bo ojú kámẹ́rà níwájú àti lẹ́yìn. Àríyànjiyàn wáyé lórí rẹ̀. Àwọn kan ní kí a kúkú gba fóònù náà sínú apẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyálọ́mọ kan ní bí ọmọ òun bá ń ké nílé ńkọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tọ́. Àwọn mìíràn ní àwọn fẹ́ fi fídíò ijó sórí TikTok. A dá wọn lóhùn pé kí wọ́n jó níta, lójú títì, kí wọ́n ya ara wọn tán kí wọ́n tó wọlé. Kò sí ẹni tí ó kú nítorí rẹ̀, a kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé nítorí àwọn kan báyìí ni. Ó bo ìyàwó ilé tí ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ kí ó jó. Ó bo akẹ́kọ̀ọ́ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ pásítọ̀. Ó sì bo ẹni tí a kò gbọdọ̀ dárúkọ.

Èkejì ni ti ẹnu. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan tí ó ń kọ́ṣẹ́ àdìrẹ ní Ìtòkú ká ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí gúrúùpù. Ègbè orin ni ó ń kọ, ohùn rẹ̀ sì tínrín, ó dùn. Kò pẹ́ tí ẹnìkan fi kọ "Àǹtí wa ti dé" sábẹ́ rẹ̀, àwòrán ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí ya wọlé. Ọmọkùnrin náà fi àwòrán ẹ̀rín tirẹ̀ sí i pẹ̀lú, bí ẹni pé kò dun òun. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti jáde nínú gúrúùpù. Ádímìnì tí ọ̀rọ̀ náà kàn ní ọjọ́ náà, obìnrin kan tí ó ń ta ẹ̀fọ́ ní Lafẹ́nwá, pa ọ̀rọ̀ ẹni yẹn rẹ́, ó sì pè é lórí fóònù. Kò bú u níwájú gbogbo èèyàn. Ohun tí ó sọ fún un ni pé, "Tí o bá tún pe ọmọ ọlọ́mọ ní orúkọ tí kò sọ fún ẹ pé òun ń jẹ́, èmi fúnra mi ni màá yọ ẹ́." Lẹ́yìn náà ni ó wá kọ ìlà kan ṣoṣo sí gúrúùpù: "Ohùn àná yẹn dára, a fẹ́ gbọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé." Ó tún pe ọmọkùnrin náà. Ó padà wá. Nígbà tí ó ń kọrin láàrin wa, aró ṣì wà ní èékánná rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Títí di òní, a kò mọ ẹni tí ó ń fẹ́, a kò sì béèrè.

Lójú tèmi, ìpè fóònù obìnrin ẹlẹ́fọ̀ọ́ yẹn ju ọgọ́rùn-ún àsíá lọ.

* * *

Ẹnìkan láti Ọbáńtokò béèrè bí a ṣe ń mọ ẹni tí ó fẹ́ ṣe ibi. Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju ti ọlọ́pàá lọ, nítorí pé kító ni ó ń ba ayé ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ jù. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kító, òun ni kí ẹnìkan díbọ́n bí ẹni tí ó fẹ́ bá èèyàn ṣọ̀rẹ́, kí ó tàn án wá sí yàrá kan, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá yọ jáde, kí wọ́n lù ú, kí wọ́n ya fídíò rẹ̀, kí wọ́n sì gba owó àkáǹtì rẹ̀ tán. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún kò ní lè lọ fẹjọ́ sùn, àwọn oníṣẹ́ ibi náà sì mọ̀.

Gúrúùpù WhatsApp tí ẹ fi líǹkì rẹ̀ sí gbogbo ibi jẹ́ ọ̀nà tí ó là sílẹ̀ fún wọn, nítorí pé ẹni tí ó bá ti wọlé ni yóò rí nọ́ńbà fóònù gbogbo yín. Àwa kì í pín líǹkì mọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ni yóò mú ẹni tuntun wá, yóò sì dúró fún un, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe onídùúró. Lójúkojú ni yóò kọ́kọ́ wá bá wa jó kí a tó fi í sínú gúrúùpù. Àwọn kan ní ìyẹn ti le jù, pé ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni, tí ó sì nílò wa jù, ni a ti ilẹ̀kùn mọ́ sí ìta. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nítorí rẹ̀ ni a fi ní ojú ìwé kan lórí Telegram tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀, níbi tí èèyàn ti lè fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́, orin nìkan ni a sì ń sọ níbẹ̀. Bí èèyàn bá ti bá wa sọ̀rọ̀ orin fún ìgbà díẹ̀, a ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó wá nítorí ibi kì í ní sùúrù láti bá yín jiyàn lórí ìlù fún oṣù mẹ́ta.

Ẹ pa àwọn àwòrán àti ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ́ kúrò lórí fóònù kí ẹ tó jáde nílé. Yíyẹ fóònù ọ̀dọ́ wò lójú pópó wà lára ohun tí ó bí ìwọ́de EndSARS ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ó ti dópin.

* * *

Mo fẹ́ yà díẹ̀ nítorí ohun tí ọmọbìnrin kan kọ. Ó ní gbogbo yín ń sọ ti LGBTQ, ṣùgbọ́n òun tí òun ń fẹ́ ọkùnrin kò lè lọ sí eré orin kankan kí ẹnìkan má fọwọ́ kan òun ní ìdí nínú èrò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí a ń sọ. Ẹgbẹ́ tí ọkùnrin ti lè fa obìnrin lọ́wọ́ láìgba àṣẹ, tí wọ́n sì ní eré ni, kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Bí mo bá dé ibi orin tí mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ní ààbò, àwọn obìnrin ni mo máa ń wò: ṣé wọ́n dá wá, ṣé wọ́n dá jó, ṣé wọ́n dúró títí orin fi parí. Ẹ má sì rò pé orin nìkan tó láti tu ọkàn lára. Àyìnlá Ọmọwúrà, tí gbogbo Ẹ̀gbá ń fi yangàn, inú ilé ọtí ní Abẹ́òkúta níbí ni ìjà ti mú ẹ̀mí rẹ̀ lọ ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1980, láàrin ìlú tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Nítorí náà ni àwa náà kò fi ń ta ọtí, tí a sì ń parí kí kẹ̀kẹ́ tó wọ́n lójú títì. Méjì méjì ni àwọn tí ọ̀nà wọn jìn ń lọ, kálukú á sì tẹ "mo ti délé" ránṣẹ́.

* * *

Ẹni tí ó ní a ń gba ẹ̀ṣẹ̀ láàyè, mo gbọ́. Èmi náà ń kírun, n kò sì ní bá ọ jiyàn lórí ohun tí o gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ orin kì í ṣe mọ́ṣáláṣí, kì í sì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. A kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń mu ọtí, ẹni tí ó ń yan àlè, tàbí ẹni tí ó jẹ owó àjọ kí a tó jẹ́ kí ó gbọ́ orin. Ohun tí a ní kí o ṣe kò pọ̀: má bú ẹnikẹ́ni, má tú àṣírí ẹnikẹ́ni, má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Bí èyí bá wúwo fún ọ, ibi orin pọ̀ ní Abẹ́òkúta.

* * *

Àwọn ọ̀dọ́ ní àwa àgbà ń bẹ̀rù jù, pé ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ sókè kò ní rí ìyípadà. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgboyà yín, tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Màléṣíà ní oṣù keje ọdún 2023. Ẹgbẹ́ olórin The 1975 láti Bìrìtìkó dé ibẹ̀, akọrin wọn bú òfin ilẹ̀ náà lórí ìtàgé, ó sì fi ẹnu ko ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣe eré lẹ́nu. Ìjọba fagi lé ìyókù àjọ̀dún orin náà. Àwọn olórin náà wọ ọkọ̀ òfurufú lọ, àwọn LGBTQ ti Màléṣíà fúnra wọn sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wá ń sọ pé ayé ti le sí i fún àwọn, nítorí ìgboyà ẹni tí kò ní sùn sí ìlú náà mọ́jú.

Ẹni tí ìyà yóò jẹ ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ ìgbà tí yóò gboyà àti bí yóò ṣe gbóyà. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ bá a ná ẹ̀mí rẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí láti ìbẹ̀rẹ̀ ti dé. Ẹnìkan tí ó ní òun wà lára àwọn tí a ń sọ kọ̀wé pé, "Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ wa bí ẹyin tí kò gbọdọ̀ jábọ́, kò sì sí ẹni tí ó bi wá léèrè ohun tí a fẹ́. Mo kàn fẹ́ jó láìsí ẹni tí ó ń wo bí mo ṣe ń jó ni."

Ó tọ̀nà, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó ń darí ẹgbẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ ibi ààbò a máa gbàgbé láti bi ẹni tí wọ́n ń kọ́ ọ fún. Àjọ̀dún orin àwọn obìnrin ní ìpínlẹ̀ Michigan, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1976, jẹ́ ibi ìsinmi fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin tí wọ́n ń fẹ́ obìnrin. Síbẹ̀ àwọn tí wọ́n ń darí rẹ̀ ní obìnrin tí wọ́n bí ní obìnrin nìkan ni àwọn ń retí, awuyewuye lórí àwọn obìnrin trans, ìyẹn àwọn tí wọ́n bí ní ọkùnrin ṣùgbọ́n tí wọ́n ń gbé ayé bí obìnrin, kò sì tán nílẹ̀ títí tí àjọ̀dún náà fi wá sópin ní ọdún 2015. Àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé lè tún lé ẹlòmíràn. Nínú ẹgbẹ́ tiwa pàápàá, ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ìrìn rẹ̀ dà bí ti obìnrin ni ó máa ń fa ariwo jù, nítorí pé òun kò lè fi ara rẹ̀ pamọ́ bí àwọn yòókù. Òun ni kí òfin yín kọ́kọ́ bò.

* * *

Ìwọ tí o béèrè, mo padà sọ́dọ̀ rẹ.

Lọ bá àwọn méjì yẹn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kì í ṣe lórí gúrúùpù, kì í sì í ṣe nípa àtẹ̀jíṣẹ́ tí yóò wà lórí fóònù wọn. Má bi wọ́n pé ṣé òótọ́ ni ohun tí a gbọ́. Sọ fún wọn pé o rí ohun tí àwọn yòókù kọ sí gúrúùpù ní ọjọ́ náà, pé kò dára, kí o sì béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ ṣe. Ó lè jẹ́ pé kí ẹnìkan máa bá ọ̀kan nínú wọn dé ilé ni wọn yóò sọ. Ó lè jẹ́ pé kí ẹ pa orúkọ wọn rẹ́ nínú ìwé ìdáwó. Ó sì lè jẹ́ pé wọn kò fẹ́ kí ẹ tún mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́ láéláé. Èyí tí wọ́n bá sọ ni kí ẹ ṣe.

Ẹni tí ó ní kí ẹ lé wọn jáde, kí ádímìnì pè é lórí fóònù kí ọjọ́ Sátidé tó pé. Bí ó bá tún sọ ọ́ lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ yọ òun.

Mo ṣì fẹ́ mọ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ tí ó wà ní Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú ń ṣe nípa àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, nítorí pé àwọn náà ń wá síbi orin, ọ̀rọ̀ tiwọn sì gba ìṣọ́ra tí ó ju èyí lọ. Lọ́dọ̀ wa, àgbàlagbà kankan kò gbọdọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lórí fóònù, òbí tàbí ẹ̀gbọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀nà tí ó dára ju ìyẹn lọ, kí ó kọ ọ́ síbí.